Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Àwo Verna

Àbúrò mi Norbert kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga ní Sheboygan níbí, ní Amẹ́ríkà, ìyàwó rẹ̀ Verna ló sì ń bá a ja gbogbo ìjà tó bá délẹ̀. Verna le. Ẹ má wò ó pé ó ti kú, mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí: obìnrin náà le bí òkúta, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn àbúrò tí ìyá mi bí lọ. Títì kan ló là wá láàárín. Kò sí àárọ̀ tí n kì í lọ mu kọfí níbẹ̀.

Verna ò lè rí ẹrù àtijọ́ kó kọjá lọ. Ó ní àwọn àwo tí ìyá ìyá rẹ̀ gbé wọkọ̀ ojú omi wá láti Jámánì, ó ní àwọn ife bíà onídèrí ti baba rẹ̀, ó sì tún ní ọ̀kẹ́ àìmọye nǹkan tó máa ń rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oníkálukú bá kó ẹrù tí kò fẹ́ mọ́ síwájú ilé láti tà. Gbogbo rẹ̀ ló fi ìwé ìròyìn wé sínú páálí ní àjà-ilẹ̀, yàrá tó wà lábẹ́ ilé wọn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sọ pé, "Lọ́jọ́ kan, a ó sọ ìsàlẹ̀ yìí di ibi fàájì. A ó tò wọ́n sára ògiri, káwọn èèyàn máa wá ta káàdì, kí wọ́n máa mu bíà." Oṣù Kẹta ló kú, ẹrù ṣì wà nínú páálí.

Norbert bá fi ọkàn sí i pé kó tó di ọjọ́ ìbí Verna nínú oṣù Kẹwàá, òun á parí rẹ̀. Ó kan pákó mọ́ ògiri yí ká. Ó ṣe káńtà bíà. Èmi náà ń lọ bá a ṣiṣẹ́, torí tí mi ò bá lọ, kò ní jẹun.

Lọ́jọ́ tá a ń fọ ẹrù, ó yí àwo kan dojú dé. "Àǹtí mi, téèpù wà lábẹ́ èyí. Ó wà lábẹ́ ìyẹn náà."

"Iye tí wọ́n tà á fún un ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ló tún fẹ́ jẹ́? Ìyàwó rẹ yìí, tó bá rí ife tí ò létí, á rà á! Rẹ gbogbo ẹ̀ sómi gbígbóná jàre."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ń rẹ ẹ́, mo ń fi èékánná bó o. Mo rí bírò aláwọ̀ búlúù lára téèpù náà. Awò ojú mi wà lórí tábìlì lókè, ó sì rẹ̀ mí láti gun àtẹ̀gùn. Mo ń sọ ọ́ sínú garawa.

Nígbà tó di ọjọ́ ìbí, ibẹ̀ rẹwà débi pé mo sunkún. Àwọn aládùúgbò wá, sọ́séèjì ń yan ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti ń fi káàdì na tábìlì. Curtis, ọmọkùnrin Norbert, ló ń bu bíà. Ká tó mọ̀, Joellen dúró lórí àtẹ̀gùn.

Joellen ni àgbà ọmọ wọn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti wọ ilé yẹn kẹ́yìn. Verna fún un ní ọ̀kan nínú àwo ìyá ìyá rẹ̀ nígbà tó ṣègbéyàwó. Nígbà tó ń kó lọ sílé tuntun, ó tà á síwájú ilé ní dọ́là márùn-ún. Ara ògiri ilé obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Verna ti rí i. Ó búra pé ọmọ yẹn ò ní fọwọ́ kan nǹkan ìyá ìyá òun mọ́ láé. Nígbà tí Verna wà nílé ìwòsàn kó tó kú, mo bẹ̀ ẹ́ pé ká ránṣẹ́ pè é. Ó kọjú sí ògiri. "Má pè é, Ardis."

Norbert dì mọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé kò ní fi í sílẹ̀ mọ́. "Dádì, ẹ kú iṣẹ́," ni Joellen wí. Ó wá lọ tààrà síbi àwọn àwo, ó gbé ọ̀kan, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó gbé òmíràn.

Ẹnu mi ò ṣeé dá dúró. "Joellen, kí lò ń wá? Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

"Àǹtí, Curtis ní Màmá sọ fún òun pé àwọn ti kọ orúkọ sábẹ́ gbogbo ẹ̀."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀," ni Curtis wí. "Wọ́n ní ẹni táwọn bá ṣì ń pè ní ọmọ máa rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún mi."

Yéè! Oṣù Kìíní ni Verna rán mi ní téèpù, mo sì rò pé ó fẹ́ ta ẹrù ni. Bẹ́ẹ̀, gbogbo àgbà obìnrin ọ̀dọ̀ wa ló ń kọ orúkọ ẹni tó máa jogún ẹrù sára téèpù lábẹ́ ẹ̀, kí ìjà ogún má bàa ṣẹlẹ̀. Ìyá tó bí mi ṣe é! Kí ló dé tí mi ò rántí?

Norbert jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Mo ti fọ̀ wọ́n, Jo. Mo rò pé iye owó ni."

"Ẹ ò ka ọ̀kankan?"

"Mi ò kà á."

Joellen yíjú sí mi. "Àǹtí Ardis, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo rí orúkọ ẹ," ni mo wí.

"Lábẹ́ èwo?"

Àwo mẹ́rìndínlógún ló wà níwájú mi. Mi ò lè nawọ́ sí ọ̀kankan. Joellen fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ló sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

"Máa kó wọn lọ, ọmọ mi," ni Norbert ń sọ. "Kó gbogbo ẹ̀ pátá."

"Àwo kọ́ ni mo wá gbà, Dádì. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Màmá ṣì ń pè mí lọ́mọ."

Ẹni tó lè sọ ọ́ ti wà nínú ilẹ̀, èsì tó sì fi sílẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bó o dà nù.