Mùínátù Afẹ̀yìnrìn

Ní ọdún 1987, ẹni tó bá gba ẹ̀bá ìsọ̀ pákó Wàhábì kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde nírọ̀lẹ́ lè bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn. Àárín pákó tí wọ́n tò ga ju ènìyàn lọ ló máa ń gbà. Kì í wẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í fara kan igi. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ rọra máa bọ̀. Ilẹ̀ ibí yìí ń yọ̀."

Kò sí ẹni tó ń tẹ̀lé e. Àwọn alágbàṣe tó ń ru pákó ló sọ ọ́ ní Mùínátù Afẹ̀yìnrìn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Orí rẹ̀ kò dàrú. Iṣẹ́ ilé-ìwé ló ń ṣe. Ilé-ìwé girama rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn kíláàsì àgbà, wọ́n pè é ní ẹ̀kọ́ ìrìnàjò afẹ́: bí a ṣe ń gba àlejò, bí a ṣe ń mú un yí ìlú ká, bí a ṣe ń sọ ìtàn ibì kan tí àlejò kò fi ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Walter ló ń kọ́ wọn. Ọmọ Ìbẹ̀fun ni, ilé mísọ́nnì ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì kàwé dé yunifásítì. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ohun tó bá pàdé nínú ìwé. Òun ló sọ fún wọn pé amọ̀nà kì í kọ ẹ̀yìn sí àlejò.

"Ojú àlejò ni kí ẹ máa wò. Ẹsẹ̀ yín ni kó mọ ọ̀nà."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mùínátù lọ sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

Wọ́n ń jáde lóòrèkóòrè. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, tí wọ́n ń fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, gbé wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Imúṣin, ó gbé wọn lọ sí Òdogbolú lọ́jọ́ ọjà. Bí wọ́n bá ti débì kan, ọmọ kan yóò di amọ̀nà, àwọn tó kù yóò ṣe bí àlejò, wọn yóò sì máa béèrè ìbéèrè òmùgọ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ máa ń jẹ ènìyàn ní ìlú yìí?" Bọ́dúnrìn, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì rẹ̀, ló bi Mùínátù bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà Òdogbolú.

"A kì í jẹ èyí tó bá gbẹ bíi tiyín, sà. Ẹ máa bọ̀."

Walter rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo kíláàsì ti mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù.

Wàhábì, bàbá rẹ̀, kò kórìíra ìwé. Ọjà pákó ló dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé dáwọ́ dúró, ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò rò ó mọ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ìtì igi.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè rẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó." Ọ̀rọ̀ Kúbúrátù oníṣòwò obì ló ń sọ. Ojú obìnrin náà ti ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ kò ká òwò náà mọ́.

"Ilé-ìwé ńkọ́, Bàbá?"

"Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ yín ní ìrìn akàn."

Mùínátù wolẹ̀. "Olóyè kan ń kọ́ ilé-ìtura sí ìlú, Bàbá. Ọ̀kan nínú wa ló fẹ́ mú. Ẹni tó bá mú, Olóyè ni yóò sanwó ìwé rẹ̀ dé òpin, ẹni náà yóò sì máa bá a gba àlejò."

Wàhábì fi èékánná ha èèpo igi tó jókòó lé.

"Bó bá mú ọ, o ò lọ síbì kankan. Bí kò bá mú ọ, wàá lọ bá Kúbúrátù kí òjò ọdún yìí tó dá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Olóyè náà ni Olóyè Mobọ́lájí. Òkè-Ẹ̀rí ni Walter mú fún ìdánwò tí yóò fi yan ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n sin Bílíkísù Súngbọ́ sí, obìnrin olówó tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà Erédò yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká kí orúkọ òun má baà parẹ́. Mùsùlùmí ń lọ tọrọ níbẹ̀, onígbàgbọ́ ń lọ, ẹni tí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì náà ń lọ. Ètò Walter ni pé gbogbo ọmọ yóò sọ̀rọ̀ nínú Erédò; ẹni tó bá ta yọ níbẹ̀ ni yóò mú Olóyè wọ inú igbó, títí dé ojú sàréè, tí yóò sì sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni Olóyè fẹ́ fi yan ọmọ.

Obìnrin kì í wọ igbó náà. Èèwọ̀ ni. Ìyá àgbà Mùínátù, nígbà ayé rẹ̀, ìta ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Walter ka ètò náà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ta ni yóò dìde sọ ọ́ fún tíṣà? Mùínátù rò pé tíṣà ti lọ bá àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí, pé wọ́n ti fún un láyè. Tíṣà ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ rò ó. Inú ìwé ló ti ka èèwọ̀ náà, inú ìwé ló sì fi í sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn láàárín pákó, lójoojúmọ́, fún sàréè tí kò rí rí.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, Bọ́dúnrìn ń làágùn.

"Mùínátù, jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní ewé máa ń ṣe níbẹ̀?"

"Ewé kì í pẹ́ lójú sàréè. Bó bá já sí i, ilẹ̀ á tún mọ́. Má sọ pé 'wọ́n ní' o. Sọ ọ́ bí ẹni tó rí i."

"Èmi ò rí i rí."

"Èmi náà ò rí i rí."

Mọ́ṣádé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un. "Ò ń bu oúnjẹ rẹ fún ẹlòmíràn."

"Kò lè jẹ ẹ́ tán."

Inú Erédò tutù. Ògiri ilẹ̀ rẹ̀ ga lọ́tùn-ún lósì, ewé wẹẹrẹ bò ó, omi ń kán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ohùn Bọ́dúnrìn há lọ́fun. Mọ́ṣádé gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Olóyè Mobọ́lájí ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó kan Mùínátù, ó yíjú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

"Ẹ rò ó wò ná. Obìnrin kan ní gbogbo nǹkan. Kò ní ẹni tí yóò máa pe orúkọ rẹ̀. Ó wá sọ fún ilẹ̀ pé kó máa bá òun pè é."

Olóyè kò wo aago mọ́. Nígbà tí wọ́n jáde nínú yàrà náà, Walter kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. "Mùínátù ni yóò mú Olóyè wọlé," ló sọ.

Ó ń lọ, ó ń fi ẹ̀yìn lọ, ojú rẹ̀ ń bẹ lójú àlejò rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Nígbà náà ni igi kan kàn án lẹ́yìn. Ó yà á lẹ́nu, nítorí igi kì í kàn án nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀.

Ọ̀pá ni. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ igbó náà ló nà án dí ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ó tó." Kò gbé ohùn sókè.

Mùínátù dúró. Ó wo tíṣà rẹ̀. "Sà, mo rò pé ẹ ti bá wọn sọ ọ́."

Walter wo igbó, ó wo ọmọ náà. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó rántí pé òun gbé ìkòkò kaná nílé. "Ẹ̀yin ọmọ ò rán mi létí," ló sọ.

"Gbogbo wa mọ̀, sà," ni Mọ́ṣádé wí.

"Ẹ má bínú," ni bàbá arúgbó náà wí. "Èmi kọ́ ni mo fi èèwọ̀ náà lélẹ̀. Èmi náà bá a níbẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bọ́ bàtà yín."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà níbí, sà," Mùínátù ń bá Olóyè sọ̀rọ̀. "Kò gùn."

Olóyè ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. "Wàá sọ ọ́ bí mo bá jáde, ọmọ dáadáa."

Walter fọwọ́ ba Bọ́dúnrìn léjìká. Bọ́dúnrìn bojú wo Mùínátù, ó sì tẹ̀ síwájú, ó ń fi iwájú rìn bí gbogbo ènìyàn. Igbó gbé wọn mì.

Ó ku àwọn ọmọbìnrin àti bàtà. Bàtà àwọn ọkùnrin wà nílẹ̀, wọ́n kọ orí sí igbó.

"Bàtà wọn náà ò kúkú wọlé," ni Mọ́ṣádé wí. Mùínátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tẹ́tí. Láti inú igbó ni ohùn Bọ́dúnrìn ti ń bọ̀, kò há lọ́fun mọ́: ewé kì í pẹ́ níbí, bó bá já, ilẹ̀ á tún mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ti obìnrin tó ní gbogbo nǹkan. Ètè Mùínátù ń bá a sọ ọ́.

Wọ́n jáde. Mùínátù ti dúró sójú ọ̀nà, ó ti pa ọwọ́ pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. "Ẹ ní ẹ óò gbọ́ tèmi, sà. Ẹ rò ó wò ná. Obìnrin kan..."

"Mo ti gbọ́ ọ." Olóyè ń wọ bàtà rẹ̀. Kò sọ ọ́ láti fi bú u. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ jù, gbogbo wa la rí i. Ṣùgbọ́n òkè yìí gan-an ni àwọn àlejò mi yóò máa béèrè. Bí a bá débí, ta ni yóò mú wọn wọlé?"

Ó dúró dè é kó dáhùn. Mùínátù wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ bàbá arúgbó náà. Walter ń wolẹ̀.

"Ọmọkùnrin yìí ni màá mú," ni Olóyè wí.

Nínú bọ́ọ̀sì, Bọ́dúnrìn bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Màá sọ fún Olóyè pé ọ̀rọ̀ rẹ ni."

"Ó mọ̀," ni Mùínátù wí.

Walter wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó di irin mú. "Mùínátù."

"Sà."

Ó di irin náà mú bẹ́ẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi wọ ìlú.

Wàhábì ń wọn pákó nígbà tó dé. Kò gbójú sókè. "Ó mú ọ?"

"Rárá, Bàbá. Wọ́n ní obìnrin kì í wọlé."

Ọwọ́ Wàhábì dúró lórí pákó náà. "Ta ni kò mọ̀yẹn?" ló sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ó tún pákó náà wọ̀n, bí ẹni tí iye rẹ̀ ti bọ́ lórí rẹ̀.

Òjò kò tí ì dá tí Mùínátù fi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Iṣẹ́ obì kì í ṣe iṣẹ́ ìtàn. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, a ó to ìyókù sínú agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́. Ọmọ ìka Mùínátù pọ́n, àwọ̀ náà kò sì ṣeé fọ̀ kúrò mọ́. Kúbúrátù kò fìyà jẹ ẹ́. Ó kàn ń pè é ní gbogbo ìgbà ni, nítorí kò ríran mọ́. Ilé-ìtura Olóyè Mobọ́lájí kò kọjá ògiri; ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Bọ́dúnrìn gba Èkó lọ. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé náà kò rí táyà mọ́, wọ́n sì pa ẹ̀kọ́ náà tì. Mọ́ṣádé ló wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un lọ́dún kejì, ó rò pé yóò tu ọ̀rẹ́ òun nínú. Kò tù ú nínú.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró níwájú ìsọ̀ obì. Obìnrin kan tó wọ gèlè funfun yọjú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rí dà?"

Mùínátù dìde. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ tó tutù pọ̀ kó tó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ káàbọ̀, ẹ rò ó wò ná: ó wá ìyókù, ó bá a, gbogbo rẹ̀ pé.

"Mùínátù," ni Kúbúrátù ń pè láti inú ilé, "ta ni yẹn?"

Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n ti wá. "Ẹ ti kọjá rẹ̀, mà. Ẹ padà sẹ́yìn. Obìnrin kì í wọbẹ̀ o."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń yí gíláàsì ọkọ̀ sókè. "Ta ni kò mọ̀yẹn?"

Mùínátù jókòó ti omi obì rẹ̀.