Omi Àdúrà Lẹ́nu Káséètì Géèmù

Bí ike àtijọ́ bá gbóná, tí eruku inú ẹ̀ ń jóná díẹ̀díẹ̀, òórùn kan wà tó máa ń mú jáde. Ibi yòówù kí n ti gbọ́ ọ, pálọ̀ wa ní Ojowo ló máa ń gbé mi lọ.

Àǹtí mi ló ra géèmù àlòkù kan fún mi: àpótí ike aláwọ̀ eérú, páàdì méjì tí wáyà wọn kúrú débi pé èèyàn á lẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń gba ìbáwí. Káséètì kan ṣoṣo ló bá a wá. Èmi ni mo ni ín o. Jọ̀ọ́, má gbàgbé ìyẹn, torí gbogbo àdúgbò gbàgbé ẹ̀.

Káséètì yìí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí mo bá kì í bọ inú géèmù, ojú tẹlifíṣọ̀n á kàn funfun. Ọmọ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa á wá gbà á lọ́wọ́ mi, á ní, "Bísímílàhì," á fẹ́ ẹnu ẹ̀, fúù! Orin á bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á hó yèè. Àbúrò mi obìnrin á ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi sílẹ̀ fún un jàre. Ẹnu yín ò ṣiṣẹ́." Ẹnu mi! Ẹnu tó ń kó ìkọ́kọrẹ́ mì láìsinmi!

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé orin yẹn yé ọmọ télọ̀. Ó ní, "Ohùn mẹ́rin péré ló wà ńbẹ̀. Méjì ń kọrin, ọ̀kan ń dún nísàlẹ̀, èyí tó kù ń ṣe ṣì-ṣì bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀." Èmi tí mo ni géèmù, mo rò pé odidi ẹgbẹ́ akọrin ló wà nínú ẹ̀. Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní ṣebí ọmọ Aládùúrà lèmi náà. Mo gbé ìgò omi àdúrà màmá mi, mo da díẹ̀ sẹ́nu káséètì lójú gbogbo wọn, mo pariwo "Halelúyà!", mo kì í bọ inú géèmù, mo tàn án. Ó ké pììì, ilà bo ojú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹ̀ dákẹ́.

"Ó ti gbọ́ àdúrà yín," àbúrò mi wí. "Ó ti sùn nínú Olúwa."

Omijé ti dé ojú mi. Ọmọ télọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ káséètì, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nu àwọn eyín wúrà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó wà lẹ́nu káséètì náà. "Mo máa ń nù ún kí n tó fẹ́ ẹ. Ojú mi lo máa ń wò, o kì í wo ọwọ́ mi."

A sá a sóòrùn lórí páànù. Bí a ṣe ń dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin náà. "Gbé ìsàlẹ̀," ó ní. Mo la ẹnu, àfi bí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ṣe tú jáde láìku ẹyọ kan. Àbúrò mi ń ṣe ṣì-ṣì. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Káséètì gbẹ, ṣùgbọ́n géèmù ò jí mọ́. Mo rò pé ó parí nìyẹn, pé géèmù ni ọmọ télọ̀ ń bá ṣọ̀rẹ́, kì í ṣe èmi. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yọjú sẹ́nu ọ̀nà wa.

Ó ti lọ kàwé ní yunifásítì Ago-Iwoye báyìí, ó sì ń ṣe orin tiẹ̀. Èmi ṣì wà nílé, ìdánwò àṣewọlé ń fi mí ṣe bọ́ọ̀lù. Mo ṣì ń jowú ẹ̀, n ò ní purọ́. Àmọ́ owú ẹni tó ń bá wọn kọrin ni, kì í ṣe owú ẹni tí wọ́n tì mọ́ta.