Iyán Ẹni Méjì

Ìwé pélébé kan ni mo fi lé àwọn oníbàárà mi sá lọ́dún tí mo di kóòṣì eré ìdárayá ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Gbogbo ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ ni mo tẹ̀ sí i, iyán ló sì wà lókè pátápátá, mo tún fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá, tí n kò tíì lo oṣù mẹ́fà nílẹ̀ Èkìtì, ni mo fẹ́ gba iyán lọ́wọ́ wọn. Bí ogún ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ lórí pápá tí a ń lò láàárọ̀. Kò pẹ́ tó fi ku ìyá kan ṣoṣo. Mo ní ọ̀lẹ ni àwọn tó lọ. Mo gbọ́n gan-an nígbà náà.

Ìyá yìí ti ṣe ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Orúnkún ló gbé e wá. Kò lè kúnlẹ̀ gba Oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Orí ìdúró ni àlùfáà ti ń fún un, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kúnlẹ̀, ojú sì ń tì í gidigidi. Dókítà ní kó fọn díẹ̀. Kì í pa ọjọ́ kan jẹ lórí pápá, síbẹ̀ kò fọn. Nígbà tó yá, ó ní òun kò ní wá mọ́. Inú bí mi. Mo lọ sílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, kí n lè ká a mọ́ ìdí oúnjẹ.

Mo ká a mọ́ ọn lóòótọ́. Iyán tó wà níwájú rẹ̀ tó ẹni méjì jẹ.

“Mà, ta ló ni gbogbo èyí?”

Ó fi ìka ya ẹ̀gbẹ́ kan sọ́tọ̀. “Uyán tèmi rè é. Ti bàbá rè é.”

Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán ẹnì kan. Iye iṣu tí ọwọ́ òun mọ̀ ni òun ń bẹ. Bí òun bá gún un tán, òun kò lè da ti bàbá nù, òun á jẹ ẹ́. Ojú tì mí. Mo ti bi í ní gbogbo ohun tó ń jẹ, n kò bi í rí pé ta ló ń bá a jẹ ẹ́.

Mo bi í bóyá ẹlòmíràn wà ládùúgbò tó ń dá jẹun. Ó ní obìnrin kan wà lódìkejì títì, ará Benue, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì.

“Ẹ pè é kó wá jẹ ti bàbá, mà.”

“Ti bàbá kẹ̀?” Ó sunkún díẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Ọjọ́ kẹrin, àwọn méjèèjì ló jọ wá sí pápá. Obìnrin náà mú àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá, àwọn yẹn náà mú ẹlòmíràn wá. Mo ti fi ìwé mi dáná.

Kí ọdún tó parí, ìyá náà pè mí sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di igi iwájú pẹpẹ mú, ó rọra kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tó jáde, mo bi í bóyá orúnkún ló ń dùn ún.

“Rárá o. Bàbá ni mo ń sọ pé ó dàbọ̀ fún.”

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àwọn kóòṣì tuntun máa ń bi mí bí mo ṣe ń rí oníbàárà. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá pé ta ló ń bá a jẹun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì lọ tẹ ìwé tiwọn.