Lórí Pápá, Òsì Ni Onílé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù, ẹ lọ di irin géètì mú láìwọ ìbọ̀wọ́, ní aago mẹ́fà àárọ̀, nínú oṣù kìíní, ní Thamesmead. Èmi ti ṣe é. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni mo ti ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ pápá ìṣeré kan ní Thamesmead North, odindi ọdún méje ni mo sì fi ṣí géètì yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún kò ju kí n gbálẹ̀, kí n nu yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, kí n sì ti ilẹ̀kùn. Họ́kì kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Sájẹ́ńtì ló ki họ́kì bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pe olùkọ́ eré ìdárayá wa, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ti ṣe sójà ní bárékè tó kọjú sí Woolwich Common kó tó fẹ̀yìntì. Ó gbọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan pé mo gbá họ́kì díẹ̀ nígbà tí mo wà nílé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò sọ fún un pé orí bẹ́ńṣì ni mo jókòó sí jù. Ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọbìnrin àdúgbò jọ, àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́tàlá, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ tán. Àárọ̀ kùtùkùtù nìkan ló kù. Ṣé mo lè máa ṣí géètì fún òun láàárọ̀ Àtàláátà àti Àlàmísì, kí n sì máa ran òun lọ́wọ́? Mo ní ta ló ń sùn nígbà yẹn tẹ́lẹ̀, àbí òun ò mọ̀ pé mùsùlùmí ni mí? Nígbà òtútù, inú yàrá tí a ń kó ẹrù eré sí gan-an ni mo ti máa ń kírun, láàárín kóònù àti àpò bọ́ọ̀lù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀pá họ́kì díẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ojú kan ṣoṣo ló tẹ́ lára rẹ̀, ojú yẹn nìkan ni òfin sì gbà kí èèyàn fi kan bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lápá ọ̀tún rẹ, kò sí wàhálà. Bó bá sá lọ sápá òsì, àfi kí o yí ọ̀pá náà dojú dé kíákíá kí ibi tó tẹ́ lè bá a. Ọwọ́ òsì, tó máa ń wà lókè ọ̀pá, ló ń ṣe yíyí yẹn. Ọ̀tún wà nísàlẹ̀, ó kàn ń tì í lẹ́yìn ni. Sájẹ́ńtì máa ń sọ pé òsì ni onílé, ayálégbé lásán ni ọ̀tún.

Ẹ wá wo ohun tí èmi ń ṣe lórí pápá kan náà. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n, ọmọ Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí òbí wọn wá láti Èkó, Ìbàdàn àti ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú. Láràárọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá ẹrù ni mo ti ń pín ọ̀pá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọmọ tí yóò fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Èyí tó bá nawọ́ òsì, mo máa fa ọ̀pá mi padà títí yóò fi pààrọ̀ ọwọ́, tí yóò sì dúpẹ́. Kódà àwọn ọmọ òyìnbó méjì tó wà láàárín wọn, nígbà tó fi máa di oṣù kejì, wọ́n ti ń tẹ orúnkún díẹ̀. Inú mi máa ń dùn. Mo ní ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń kọ́ wọn.

Ìgbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan ni Mọ̀ríámọ̀ dé. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù. Bó bá ti parí iṣẹ́, á lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé, wọn á jọ wọ bọ́ọ̀sì wá, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ géètì pẹ̀lú fúláàsì tíì rẹ̀ títí a ó fi parí, kó tó lọ sùn. Mo na ọ̀pá sí ọmọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ló bá na òsì.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?" mo bi í, gbogbo wọn ń wò. "A kì í fi ọwọ́ burúkú gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà."

Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun bá a wí dáadáa, ó ti sú òun. Ọmọ náà fi ọ̀tún gba ọ̀pá, ó fa òsì bọ inú apá kóòtù rẹ̀. Èmi ń gbéra ga níbẹ̀, mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ mi.

Kí n má parọ́, Mọ̀ríámọ̀ kò mọ họ́kì. Ọ̀tún ló máa ń fi sókè, òsì á wá wà nísàlẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sápá òsì, á sáré yí bọ́ọ̀lù náà po kó lè tún bọ́ sápá ọ̀tún, kó tó yí i tán, wọ́n á ti gbà á lọ. Bí mo bá pariwo pé "òsì lókè," á kọ́kọ́ wo ojú mi, bí ẹni tó ń wò ó bóyá mo ń tan òun ni. Mi ò ka ìwò yẹn sí nǹkan kan. Síbẹ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Láwọn àárọ̀ tí yìnyín wínníwínní bo pápá, tí àwọn mìíràn dùbúlẹ̀ sílé, òun àti ìyá rẹ̀ ni mo máa ń bá lẹ́nu géètì.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ìwé dé pé wọn yóò yan ọmọbìnrin fún ẹgbẹ́ gbogbo agbègbè náà níparí oṣù kẹta, pé kí a mú ọmọ mẹ́fà wá. Ìyá Mọ̀ríámọ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí Sìdí, ẹ má bínú o. Bí wọn ò bá mú un, ó tán nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Mi ò lè máa ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ wá dúró sínú òtútù nítorí eré tí kò lórí tí kò nídìí."

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ọmọ náà wà lẹ́yìn wa, ó gbọ́, ó sì fi orí ọ̀pá ń ha ilẹ̀. Sájẹ́ńtì ní kí èmi kọ orúkọ mẹ́fà, torí èmi ni mo mọ̀ wọ́n jù. Mo kọ ọ́. Orúkọ Mọ̀ríámọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ní màá kà á sí wọn létí láàárọ̀ Àlàmísì.

Àlàmísì náà, bọ́ọ̀sì wọn yá. Mo ṣí géètì fún wọn, mo wọ yàrá ẹrù lọ kírun. Bí mo ṣe sálámà tán ni mo gbọ́ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ògiri, kò, kò, kò, kò, láìdúró. Mo yọjú. Abẹ́ iná ni Mọ̀ríámọ̀ dúró sí, òun nìkan. Ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò nítorí òtútù. Òsì nìkan ló fi di ọ̀pá mú lókè, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù náà ń tẹ̀ lé e bí ẹran tó mọ olówó rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọdé, n ò rí i lọ́wọ́ àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bó ṣe rí mi ló ju ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

Mo bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú wa.

"Ìwọ lo sọ pé ọwọ́ burúkú ni," ó fèsì.

"Ìwọ" ló pè mí, bí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ mìíràn, màá ti fa etí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn mú ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀ ni. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun kéré, ìyá òun máa ń fi ìborùn so ọwọ́ náà mọ́ àga bí wọ́n bá ń jẹun, títí òun fi mọ ọ̀tún lò. Ojú tì mí. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko ni mo fi ń pariwo "òsì lókè" sí ọmọ tí èmi fúnra mi ti sọ fún pé òsì rẹ̀ kò dára. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi, àgbà, mo bẹ ọmọ ọdún méjìlá, mo ní kó má bínú, èmi ni mo ṣì í. Mo sì fa ìwé orúkọ yẹn ya.

Ó wá ku ìyá rẹ̀. Mo bá a lórí bẹ́ńṣì rẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé fúláàsì sílẹ̀.

"Àǹtí Sìdí, ẹ̀yin náà? Ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Tí a bá délé, tó nawọ́ yẹn sí ìyá mi, ṣé ẹ máa wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé?"

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́," mo ní. "Ìgbà wo la jẹ́ kí òsì ọmọ yìí wẹ nǹkan kan rí?"

Mo ní kó dìde kó wá wò ó. Láti ọjọ́ tó ti ń bọ̀, ẹnu géètì ló máa ń jókòó sí, kò tíì wọ inú pápá rí. Mọ̀ríámọ̀ dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní kó ṣe é kí òun rí i. Ó ki ọ̀tún bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì náà.

"Ìborùn ni ìyá mi fi so tèmi náà," ó wí fún mi jẹ́jẹ́. "Mo ti gbàgbé pé mo sunkún nígbà yẹn."

A jọ fẹnu kò: nídìí oúnjẹ àti níbi ìkíni, ọ̀tún, lórí pápá, òsì. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ọwọ́ pín ọ̀pá mọ́. Mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ìlà funfun, kí oníkálukú mú tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìgbà náà ni Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti ń ya òun lẹ́nu pé ìdajì àwọn ọmọ wa ló ń fi ọ̀tún sókè. Àṣé èmi ni. Ọwọ́ tí wọ́n fi gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi ni wọ́n fi ń di òkè ọ̀pá mú lórí pápá. Sájẹ́ńtì wá sọ ti Mọ̀ríámọ̀ di ẹ̀kọ́ gbogbo ẹgbẹ́: láràárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀tún wà nínú àpò. Ọ̀sẹ̀ méje la fi ṣe é, nínú òjò, nínú yìnyín. Àwọn kan sunkún nítorí ọrùn ọwọ́ tó ń dùn wọ́n. A ò dúró.

Lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo wa pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal. Ìyá Mọ̀ríámọ̀ ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà, ó sì sùn lórí ìjókòó kí ọkọ̀ tó gbéra. Eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tó fẹ́ yàn wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú bírò àti ìwé, Mọ̀ríámọ̀ rí wọn, ló bá tún fi ọ̀tún sókè. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí ọ̀kan nínú wọn tó mi orí, tó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ohùn mi ló ti tàn án jẹ tẹ́lẹ̀. Mo ń wá ohun tí mo lè sọ tí yóò gbà gbọ́.

Ìyá rẹ̀ ló kọjá níwájú mi, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ọsibítù lábẹ́ kóòtù. Ó lọ dúró sétí ìlà.

"Mọ̀ríámọ̀!" ó ké. "Ọwọ́ ẹ dà?"

Ó sì na ọwọ́ òsì tirẹ̀ sókè, gbangba, lójú gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó pààrọ̀ ọwọ́. Mo gbàgbé pé àgbà ni mí, mo ń fò sókè bí ọmọdé. Títí wọ́n fi fọn fèrè, kò tún sẹ́ni tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lápá òsì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, láàárọ̀ Àtàláátà, mo ń ṣí géètì lọ́wọ́ nígbà tí àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mọ̀ríámọ̀ sáré ṣáájú. "Àǹtí, wọ́n mú mi," ó ní, ó sì na lẹ́tà kan sí mi. Òsì ló fi nà án. Ìyá rẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i, ó sì ń wò mí.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òsì mi. Mo kó o sí ọ̀tún, mo na òsì, mo sì fi gbà á.