Ọjọ́ Tí Mánijà Bọ́ Bàtà ní Pálọ̀ Bàbá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín. Àwọn tó mọ̀ mí lójúkojú mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti péjọ, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti di fóònù mú báyìí, tí mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni, ha! Ẹ má bá mi du ọ̀rọ̀ sọ.

Kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí mo kọ tí kò dáa, ẹ tún un ṣe lọ́kàn yín. Ẹ má wá sọ fún mi ní gbangba!

Agboolé wa wà ní Ẹnu Ọ̀wá l'Ékòó, ilé tí àwọn bàbá bàbá wa kọ́. Bí mo bá ń kọjá lójú títì, àwọn àgbàlagbà á ní, “Ọmọ onílé, ṣé dáadáa lo jí?” Ọmọ onílé tí kò ní bẹ́ẹ̀dì! Àwa mẹ́rin là ń sùn nínú yàrá kan, òjò sì ń rọ̀ sí wa lórí bí ẹni pé ìta la wà. Ṣùgbọ́n onílé ni wá o.

Iṣẹ́ mi? Mò ń nu ilẹ̀ ní ọ́fíìsì kan nítòsí Tinúbú. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọṣẹ ìfọṣọ ni. Wọ́n ń ta ọṣẹ, wọn ò lè fọ ilé ara wọn! Mi ò sọ pé ilẹ̀ ni mò ń nù fún àwọn ará ilé wa. Mo kàn ní mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ṣé irọ́ ni? Ṣé ọ́fíìsì kọ́ ni? Àwọn fúnra wọn ló fi kọ̀ǹpútà kún un. Èmi kàn dákẹ́ ni.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ kékeré ni lójú mi. Nílé, “Ṣẹrífá, pọn omi! Ṣẹrífá, lọ ra epo! Ṣẹrífá, wá gbé ọmọ yìí!” títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ́fíìsì yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́ tí wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, mo tún di ẹrú gbogbo ilé nìyẹn.

Òfin kan wà lókè pátápátá, níbi tí Mánijà wa jókòó sí. Wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì aláwọ̀ mílíìkì síbẹ̀. Àwa tí à ń nu ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sílípáàsì wa sórí àtẹ̀gùn ká tó wọlé. Àwa nìkan o! Àwọn akọ̀wé ń wọ bàtà gogoro wọn kọjá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Mánijà ní bàtà tiwa ló máa ń gbé ìdọ̀tí wọlé. Ẹni tó ń fọ ilẹ̀ látàárọ̀, tí ọṣẹ ti bó o látẹ́lẹsẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí ìdọ̀tí?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, píìnì tí wọ́n fi ń so pépà pọ̀ gún mi lẹ́sẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì yẹn. Ó wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo yọ ọ́, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Ọkùnrin kẹ́míìsì gún mi lábẹ́rẹ́, ó fi báńdéèjì wé e, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni òyìnbó dé!

Ọ̀gá àwọn ọ̀gá ni, láti òkè òkun. Òjò ti rọ̀, òyìnbó sì ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn kí òun wo ọjà. Nígbà tó padà dé, bàtà rẹ̀ gbé ìdajì Ìdúmọ̀tà bọ̀. Ó gun rọ́ọ̀gì aláwọ̀ mílíìkì. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ojú tì í, ó bẹ̀rẹ̀ kó bọ́ bàtà. Mánijà sáré di apá rẹ̀ mú: “No, no, sir! No problem!”

Ó wá yíjú sí mi: “Ìwọ! Kí lò ń wò? Nù ún!”

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀lé òyìnbó. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń nù ún. Mo ti gbàgbé pé sílípáàsì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mánijà ò gbàgbé. Ẹrẹ̀ tó wà lórí rọ́ọ̀gì yẹn, ẹ lè gbin ilá sí i. Kò rí ìyẹn. Sílípáàsì mi ló rí.

Lẹ́yìn tí òyìnbó lọ, Mánijà pè mí, ó bi mí pé ta ni mo rò pé mo jẹ́. Ó yẹ kí n sọ pé kẹ́míìsì ló ní kí n wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀, ó kọ̀, kò jáde. Mánijà rí i pé mo dákẹ́, ó ní àfojúdi ni. Ó ní kí n gbé káàdì mi sílẹ̀, kí n máa lọ.

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn.

Mi ò lè sọ nílé. Láràárọ̀, màá múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, màá gba Pópó Àgùdà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, Bọ́sẹ̀ wò mí, ó ní, “Ọmọ onílé, ṣé kí n wá fún ẹ ní káàdì ìdánimọ̀ ni? O ò tiẹ̀ pẹ́ wá síṣẹ́ rí.”

Ó wá di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn ìrun Alásàárì, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń fọ ìkòkò. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Àgbà, tó jẹ́ olórí ẹbí wa: “Ṣẹrífá! Gbé omi tútù wá fún àlejò!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ pálọ̀ Bàbá Àgbà. Ì báà jẹ́ gómìnà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, bàtà ni mo kọ́kọ́ rí: dúdú, ó ń dán, ẹ̀wọ̀n wúrà wà lórí rẹ̀. Mo mọ bàtà yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú ẹni tó ni ín lọ, nítorí pé ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Mo wọlé. Mánijà ni! Ó jókòó sórí àga kékeré, ó ká ọwọ́ sáàárín itan bí ọmọ ilé kéú. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ orí síta bí aláǹgbá tó ń wo ẹni tó ń kọjá. Yorùbá ọlọ́wọ̀ tí kò sọ rí ní ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ níbẹ̀! “Kábíyèsí” nìkan ló kù tí kò pe Bàbá Àgbà.

Ògiri wa tó kọjú sí títì ló bá wá. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán ọṣẹ wọn sí i. Bàbá Àgbà ní ògiri àwọn kì í ṣe títà. Mánijà ní kì í ṣe pé àwọn fẹ́ rà á, àwọn kàn fẹ́ kùn ún ni, ògiri náà á tún dùn ún wò.

Bàbá ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé kò dùn ún wò?”

“Ó dùn ún wò, Bàbá! Ó dùn ún wò gan-an ni!”

Mo kúnlẹ̀, mo gbé tíréè sílẹ̀. Mánijà mú gíláàsì, ó gbé e sẹ́nu, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Omi gba ọ̀nà òdì. Ikọ́ dé.

Bàbá Àgbà ní, “Rọra. Ṣé o mọ ọmọ mi ni?”

“Ọmọ yín, Bàbá? Ọmọ yín gan-an?”

“Ọmọ ọmọ mi ni. Ọ́fíìsì ló ń lọ ní Tinúbú. Ìdí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí.”

Yé! Ilẹ̀ ò ṣí kó gbé mi mì. Bí Mánijà bá ní òun ti lé mi, ògiri lọ nìyẹn. Bí ó bá sì ní ilẹ̀ ni mò ń nù, èmi ni mo gbé! Àwa méjèèjì ń wo ara wa bí ẹni tó jọ jí adìyẹ.

Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀dọ̀ wa ni, Bàbá. Òṣìṣẹ́ gidi ni. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, la fi ní kó lọ sinmi. Ọjọ́ Ajé ló ń padà.”

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tí mo padà dé ìdí ìkòkò ni mo tó ronú. Ta ló sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí? Mi ò la ẹnu rárá lọ́jọ́ yẹn! Àṣé ó rí báńdéèjì yẹn ní gbogbo ìgbà tó ń pariwo lé mi lórí.

Bàbá Àgbà gbà fún wọn. Nígbà tí Mánijà ń wọ bàtà, ó rọra bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ onílé ni mí, pé ká ní òun mọ̀ ni, irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé bí mi ò bá jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ńkọ́, ṣé kí píìnì máa gún mi lọ ni? Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ mí. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo tètè dé. Mo bá ìyá kan tó ń nu àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ lásán. Ó ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Bó ṣe rí mi, ó gbé mọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ̀yin lọmọ onílé?”

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí o! Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń kí.

Ìyá Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá. Ọjọ́ kejì tí wọ́n lé mi ni wọ́n gbà á sípò mi. Wọ́n ti sọ fún un láàárọ̀ yẹn pé kó nu àtẹ̀gùn tán kó máa lọ, ọmọ onílé ń padà bọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá. Mi ò lẹ́nì kan l'Ékòó tó lè bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Mo ní, “Ẹ dìde, mà.”

“Mi ò ní dìde, mà.”

Kí ni mo ṣe? Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tìlẹ̀kùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mi ò ní purọ́ fún yín: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ló kàn mí. Èmi kọ́ ni mo lé e. Bàbá Àgbà ò lé e. Bí ẹ bá bi Mánijà pàápàá, á ní òun ò lé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìyá náà ń lọ.

Mo gun òkè. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, Ìyá Dúpẹ́...” Mánijà ò tiẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní kò sí àyè èèyàn méjì, kí n lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mi ò mọ ẹni tó bá mi la ẹnu. Mo ní, “Bàbá Àgbà ló rán mi, sà.”

Orí gbéra! “Kí ni Bàbá wí?”

“Wọ́n ní kí ẹ má lé ẹnikẹ́ni nítorí mi. Wọ́n ní... wọ́n ní ògiri àwọn ò gba èpè.”

Lásìkò yẹn, Bàbá Àgbà wà nílé tó ń mu ẹ̀kọ. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Ìyá Dúpẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n Mánijà dìde dúró, ó ní kò sí wàhálà, kí ìyá náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí n bá òun kí Bàbá.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fi ẹnu ara mi bẹ̀, kò gbọ́ ọ. Irọ́ tí mo fi ẹnu Bàbá pa, ìdúró ló fi gbà á.

Wọ́n ti kun ògiri náà báyìí. Wọ́n ya obìnrin pupa kan sí i, ó ń fọṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, èékánná rẹ̀ gùn bí ṣíbí. Ta ló ń fi irú èékánná yẹn fọ jíǹsì?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bú àwọn tó ń ní “ṣé o mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?” Mo ti di ara wọn. Ó sì dùn díẹ̀, kí n sòótọ́. Orúkọ tó gbà mí sílẹ̀ yẹn, mi ò ṣiṣẹ́ kankan kí n tó ní i, ilé ni wọ́n kàn bí mi sí. Mánijà ní kí n máa wọ sílípáàsì mi. Kò sọ nǹkan kan nípa ti Ìyá Dúpẹ́. Mo ní kí ìyá wọ tirẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ lè wọ̀ ọ́, mà.” Lọ́jọ́ míràn, màá bọ́ tèmi nítorí tirẹ̀. Lọ́jọ́ míràn, màá gbàgbé.

Ohun tí mo wá fẹ́ bi yín nìyí, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí níbi iṣẹ́. Láràárọ̀ ni Ìyá Dúpẹ́ ń kúnlẹ̀ kí mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Lánàá, èmi náà kúnlẹ̀ fún un. Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì, akáúńtáǹtì wá ń pariwo pé ká kúrò lọ́nà fún òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Kí ni mo lè ṣe tí ìyá yìí á fi dìde?