Eyín Tí Romuald Kò Béèrè

Romuald kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọmọ Pobè ni, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ṣábẹ̀, ní ilé ìwòsàn tí èmi náà ti ń tọ́jú yàrá iṣẹ́ abẹ. Òun ló ń fi oògùn mú aláìsàn sùn, tó sì ń ki ọ̀pá rọ́bà bọ ọ̀nà èémí wọn kí ẹ̀rọ lè máa bá wọn mí. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó sì mọ ìwà hù, ìwà náà gan-an ló kó bá a.

Ní oṣù Ẹrẹ̀nà tó kọjá, wọ́n gbé Màmá Àṣàbí wá láti Sakin. Ìfun rẹ̀ ti lọ́. Falilatou ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ méjì yí ibùsùn ká. Fíìsì, ìwé ìbéèrè aláìsàn tí Romuald ní láti kọ, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè kan sì wà nínú rẹ̀: ǹjẹ́ aláìsàn ní eyín tó ń mì tàbí eyín àtọwọ́dá? Àmọ́ ta ni yóò ní kí ìyá tó tó bí ìyá òun lọ́mọ ya ẹnu lójú àwọn ìyàwó ilé, kóun wá máa ka eyín rẹ̀? Romuald kọ "kò sí". Ó ní òun ò fẹ́ dójú ti àgbà.

Nígbà tí ìyá sùn tán tó sì tan iná sí i lọ́fun, ó rí eyín iwájú kan tó funfun ju àwọn yòókù lọ. Ó mọ̀ pé eyín àtọwọ́dá ni, ṣùgbọ́n kò sí àyè mọ́, ó ki rọ́bà bọ ọ̀nà. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Ìgbà tó yọ rọ́bà, àlàfo ló kù níbi eyín yẹn. Ó wá a lẹ́nu, ó wá a nílẹ̀, ó gbọn aṣọ, kò rí i. Ó tan ara rẹ̀ pé ìyá ti gbé e mì, ìgbẹ́ yóò gbé e jáde. Ẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òun ń bà á, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá jí, ó fọwọ́ bo ẹnu, òun náà kò sọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà Alassane fún un lóògùn òtútù àyà, ikọ́ rọlẹ̀, ó tún padà. Fọ́tò àyà fi hàn pé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún kò dáa, ibì kan náà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n eyín oníke kì í hàn nínú fọ́tò. Ni dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Romuald mọ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé-ẹ̀kọ́ pé ohun tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, apá ọ̀tún ló sábà máa ń já sí. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kì í bá wa jẹun mọ́. Àwa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ló ń gbà á lọ́kàn.

Ìgbà kẹrin tí ìyá wá, ó gbé ife tirẹ̀ dání nínú ọ̀rá. Romuald béèrè ohun tó fà á. Falilatou ní nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọ́n ti ya ife, abọ́ àti ẹní ìyá sọ́tọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ìyá jókòó, ó ti gbẹ, ó ń wo ilẹ̀. Ojú ti Romuald débi pé ó wọ yàrá dókítà láìkan ilẹ̀kùn.

"Dókítà, kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Eyín ni. Èmi ni mo tì í wọlé, mo sì ti ń fura látọjọ́ náà."

Wọ́n gbé ìyá lọ sí Cotonou, wọ́n ki ọ̀pá oníná bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, wọ́n yọ eyín náà. Dókítà lé Romuald kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ fún oṣù mẹ́ta. Lójú tèmi, kò pọ̀ jù.

Nígbà tí ara ìyá yá, òun àti Falilatou wá kí wa. Romuald dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àgbàlá, ó jẹ́wọ́ pé òun rí àlàfo náà, òun sì dákẹ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ìyá ní, "Mo mọ̀ pé o rí i, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ nílé wa pé mo ra eyín. Nígbà tí mo jí tí o ò sọ fún wọn, mo ní Ọlọ́run ló fún mi lẹ́ni tó bo àṣírí mi. Látìgbà náà, bí mo bá ti kírun, orúkọ ẹ ni mo kọ́kọ́ ń dá."

Falilatou fa Romuald lápá, kò dìde. Romuald sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní èpè ni ìyá ṣẹ́ fún òun, òun ì bá ti dìde.