Nora Keane Tí Kò Sí Nínú Àkójọ

Ọjọ́ Ajé ni, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni mo sọ fún Ìyá Àbẹ̀kẹ́ pé Nora Keane ti kú. Ìdúró ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo wo aago kí n tó kan ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí àkókò náà fi dá mi lójú.

Oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́ kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn, tí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà láti Írẹ́lándì dá sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ ìwé kékeré nípa ìtàn rẹ̀, wọ́n sì gbà mí nítorí pé ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Àràárọ̀ ni mo ń gun ọ̀kadà láti Adégbàyí lọ síbẹ̀, tí mo ń yẹ rẹ́jísítà ìbí wò, ìyẹn ìwé gígùn tí wọ́n ń kọ orúkọ ìyá, ọmọ àti agbẹ̀bí sí. Orúkọ Sísítà Nora Keane fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà abúlé náà kọ́kọ́ bọ́ sí.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni mo rí tó ṣì wà láyé nínú àwọn tí sísítà yìí kọ́ níṣẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní Ìyá Fọwọ́ ni gbogbo abúlé ń pe sísítà náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá ìgbẹ̀bí gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ní, "Ọwọ́ mi ti mọ́." Sísítà á dáhùn pé, "Jẹ́ kí n rí i." Ẹni náà á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, á sì yí ọwọ́ padà. Baálẹ̀ pàápàá tẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ọmọ wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀ mí sí: kí n bá wọn wádìí bóyá olùkọ́ wọn ṣì wà.

"Ọjọ́ tí Sísítà ń lọ, oko ni mo sá lọ," wọ́n wí. "Inú ń bí mi pé wọ́n fẹ́ fi wá sílẹ̀. Gbogbo abúlé ló kí wọn pé ó dàbọ̀. Èmi wà láàárín ebè iṣu, mò ń gbọ́ ìró mọ́tò wọn títí ó fi dákẹ́."

Mo wá orúkọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí àkójọ àwọn gbajúmọ̀ ará Írẹ́lándì tó ń jẹ́ Nora Keane, àwọn márùn-ún: òṣèré, olóṣèlú, ayàwòrán, eléré ìdárayá, àti sísítà kan tó ṣe nọ́ọ̀sì ní Áfíríkà, tó sì ti kú. Sísítà, nọ́ọ̀sì, Áfíríkà. Mo rò pé ẹ̀rí mẹ́ta tó. Mo mọ bí Áfíríkà ṣe fẹ̀ tó, síbẹ̀ mo lọ kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò sunkún. Wọ́n rọra jókòó sórí àpótí, wọ́n sì ṣí gèlè lórí.

Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá mi, gbọ́. "Ta ló kọ́ ẹ pé wọ́n ń túfọ̀ àgbà ní ìdúró? O ò tiẹ̀ kí wọn?"

"Mo kí wọn, Mà."

"Kí lo ní?"

"Ẹ káàárọ̀."

"Ẹ káàárọ̀, wọ́n ti kú! Ọmọ yunifásítì, o kú iṣẹ́."

Ní ọjọ́ kẹta, àwa méjèèjì jọ lọ tọrọ àforíjì. Mo mú àwòrán sísítà tó kú náà dání, níbi tó ti ń kọ nǹkan sójú pátákó, pé kó lè tù wọ́n nínú. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ wò ó títí.

"Ọwọ́ wo ló fi mú ṣọ́ọ̀kì yìí?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, Mà."

"Kì í ṣe àwọn nìyí. Òsì ni Ìyá Fọwọ́ ń lò. Òsì ni wọ́n fi na àkọ́bí mi sí ìyá ọkọ mi, tí ìyẹn fi kọ̀ tí kò gba ọmọ!"

"Èèyàn márùn-ún ló ń jẹ́ orúkọ náà, Mà."

"Márùn-ún? Wọn ò ní oríkì nílùú wọn ni, tí wọ́n á fi dá ara wọn mọ̀?"

Mi ò tètè gbà. Àwòrán lè yí sódì, kí ọ̀tún di òsì. Ṣùgbọ́n mo ka ohun tó wà lójú pátákó náà, kò yí sódì.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ wé gèlè padà. "Ẹni tí wọ́n bá parọ́ ikú mọ́ kì í tètè kú," wọ́n wí. Mi ò mọ ẹ̀rí tó wà fún ìyẹn.

Mo kọ̀wé sí ilé àwọn sísítà ní Írẹ́lándì. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Nora Keane tiwa kò sí lára àwọn márùn-ún, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan rí nípa rẹ̀. Ó wà láyé, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. A lè pè é, ṣùgbọ́n kò rántí ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

A pè é lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ní ọ́fíìsì mátírọ́ọ̀nù. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Ẹ kú àtijọ́, Sísítà. Àbẹ̀kẹ́ ni."

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ sún àga mọ́ tábìlì.

"Àbẹ̀kẹ́ tó sá lọ sóko ni, Mà. Ẹ má bínú."

Èémí nìkan là ń gbọ́. Mátírọ́ọ̀nù nawọ́ láti gbé fóònù, ṣùgbọ́n Ìyá Àbẹ̀kẹ́ mi orí. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àga sẹ́yìn, wọ́n dúró ṣánṣán síwájú tábìlì náà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọwọ́ mi ti mọ́," wọ́n wí.

Mo ka ení títí dé ẹ̀fà nínú ọkàn mi.

"Jẹ́ kí n rí i," ni ohùn tín-ín-rín kan wí, ní Yorùbá.

Mi ò lè sọ bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìpè náà kò ní àwòrán, ohùn lásán ni. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni pé Ìyá Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú fóònù, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì rọra yí wọn padà.